Obìnrin Tó Ń Fi Ìbéèrè Líle Ṣáájú

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí eyín díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu jábọ́ sínú ife tíì tó wà níwájú mi, kí n sì gbé wọn mì láìmọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń wojú ara yín bí mo bá ti la ẹnu, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Mo mọ obìnrin yìí, mo mọ ọkọ rẹ̀, mo sì ti jẹ nínú búrẹ́dì ọkọ rẹ̀ títí ìgbànú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Yàgò ni gbogbo ọsibítù ń pe obìnrin náà. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń sọ aláìsàn kalẹ̀ títí dé yàrá tí dókítà wà. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ ki bí igi àjà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo igun. "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún wa o!" Bí ohùn yẹn bá ti dún, dókítà a yà, àwọn tó wá kí aláìsàn a yà, ológbò tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná a gbé ìrù rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ògiri nìkan ni kì í yà, ògiri náà sì lápá lára.

Ohun kan wà tó ń dùn ún nínú iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti ti aláìsàn dé yàrá ìtọ́jú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Nọ́ọ̀sì á gba orí bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, òun á sì dúró síta bí ẹni tí wọ́n já ìtàn mọ́ lẹ́nu ní ibi tó dùn jù. Ṣé ẹni náà yè? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé tò? Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un. "Èmi ni mo gbé e wá," á máa sọ fún ọkọ rẹ̀, "èmi náà ni mi ò mọ ibi tó yọrí sí. Ìyà wo ló tún jùyẹn lọ?" Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ wọ inú yàrá náà kí ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì kò jìnnà. Ẹ̀yìn ọgbà ọsibítù gan-an ló wà. Ìdánwò ìgbaniwọlé ló jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Yàgò ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fìdí rẹmi. Òfin wọn níbẹ̀ sì le: ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, kó gbàgbé, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó sídìí ìdánwò náà mọ́ láéláé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Yàgò, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀rù wà nílé ayé. "Màá wọlé," ni ó máa ń sọ. "Àfi tí wọ́n bá wó kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kí n tó dé ibẹ̀."

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orí rẹ̀ pé. Ó mọ orúkọ gbogbo egungun tó wà lára èèyàn. Ó mọ ìṣirò. Ìwé tó bá kà lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Kí ló wá ń bá a jà?

Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Ó-Tó. Ọ̀gbẹ́ni arúgbó kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà máa ń mú kí ojú gbogbo wọn máa ṣomi, tóbẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ẹkún ni wọ́n ń kọ́ nínú ibẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ó-Tó nítorí pé bí àkókò bá ti pé, á fi rúlà lu tábìlì, á kígbe pé "Ó tó!" á sì já ìwé gbà, kódà bí o bá ń kọ orúkọ ara rẹ lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fún wọn ní ìdánwò ìdánrawò. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé Yàgò sókè, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn.

"Yàgò, wá níbí. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìbéèrè tó le jù nínú ìwé yìí, èyí tí mo fi ń dẹ́rù ba àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn yẹn, o gbà á."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mi ò tíì yìn ọ́. Èyí tó ní kí o sọ iye ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o fi í sílẹ̀ gbayawu. Ṣé o ò mọ iye ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Yàgò kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ó lè dúró ni."

"Kí ló lè dúró?"

"Ìbéèrè yẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ara ẹ̀ yá."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, bóyá òun á rí obìnrin mìíràn níwájú òun. Kò rí. Yàgò náà ni.

"Níbi iṣẹ́ wa, sà," Yàgò ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé, "tí èèyàn mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé. Ẹni tí ìka ń dùn, á jókòó, á dúró. Nígbà tí mo ṣí ìwé yìí, mo wò ó yíká, mo rí èyí tó burú jù, mo sì sáré tọ̀ ọ́ lọ. Mo wá bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e nínú líle. Ṣé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àṣé ìdí tí o fi kùnà lẹ́ẹ̀mejì nìyí?"

"Àkókò ló tán, sà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọ́n yá."

Tíṣà Ó-Tó jókòó. Ó ti kọ́ ọ̀lẹ, ó ti kọ́ olódo, ó ti kọ́ ẹni tó ń lajú sùn. Kò tíì kọ́ ẹni tí àánú ìbéèrè ń ṣe.

"Gbọ́, ìyàwó alábúrẹ́dì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Máàkì kan ni èyí tó le yẹn. Máàkì kan náà ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń gba máàkì jọ kì í béèrè pé èwo ló jìyà jù kó tó dé ọwọ́ òun. Lu ìwé náà já láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí o bá rí tí o mọ̀, kun ojú ìdáhùn rẹ̀ dúdú kí o kọjá. Èyí tó fẹ́ ìrònú, fi àmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tún kọjá. Padà wá sórí àwọn alámì lẹ́yìn náà. Èyí tí o ò mọ̀ rárá, nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n fún ọ, méjì a máa jẹ́ òpùrọ́ ojúkojú. Lé àwọn yẹn dànù, kí o mú ọ̀kan nínú èyí tó kù. Wọn kì í na ẹni tó bá ṣì í mú. Tí wọ́n bá fún ọ ní àyọkà gígùn, ka ìbéèrè rẹ̀ kí o tó ka àyọkà, kí o lè mọ ohun tí ò ń wá. Má sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìkùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé o gbà?"

"Mo gbọ́, sà."

Ẹ ò rí i? Kò gbà. Ó gbọ́ lásán.

Ọkọ rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Tíṣà nílé. Alábúrẹ́dì ni, ọkùnrin gígùn tín-ín-rín tí ìyẹ̀fun kì í tán lójú rẹ̀, ó máa ń dà bí òkú tó jí tó sì ń ṣàwàdà. Òun ló dá a lábàá pé kí ìyàwó òun máa fi ààrò òun ṣe aago. Bí òun bá ti ti búrẹ́dì sínú iná láàárọ̀, kí Yàgò bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lórí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Bí búrẹ́dì bá jinná, àkókò ti tán.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, búrẹ́dì wọlé, Yàgò gbé pẹ́ńsù. Òórùn dídùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ilé. Yàgò wà lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ó di irun orí rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń bá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún jìjàkadì. Ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú igi gígùn tó fi ń fa búrẹ́dì.

"Ó ti jinná o."

"Ọkọ mi, dákun, fún mi ní díẹ̀ sí i. Ó ti ń mí díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló ń mí?"

"Ìbéèrè yìí. Mo ti fẹ́ gbà á là."

"Búrẹ́dì mi ò gbọ́ èdè yẹn." Ó fa búrẹ́dì jáde, ó wo ìwé ìyàwó rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ funfun ju aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Ìwọ obìnrin yìí! Èmi tí o rí mi, tí iṣẹ́ bá pọ̀ nílẹ̀, kékeré ni mo kọ́kọ́ ń kó sínú ààrò, torí ó tètè ń jinná, á sì yà fún ńlá. Kí ló dé tí o ò ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Búrẹ́dì kì í kú."

"Kì í kú, ó ń jóná! Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á!"

Yàgò gbìyànjú. Ẹ má kà á sí olórí kunkun tó kàn ń wo èèyàn níran. Ó pinnu pé òun á fo èyí tó le. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fo ọ̀kan, ọrùn rẹ̀ á máa yí padà sí i. Á dà bí pé ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ṣubú lójú títì kọjá, tó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Á gbọ́ tí ìbéèrè kẹrin ń kérora lẹ́yìn rẹ̀. Á dé orí ìkeje, á gbọ́ ìkérora náà, á padà. Tíṣà á lu tábìlì. Ó tó! Ìwé Yàgò á tún funfun bí ẹyin.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ìwé," Tíṣà Ó-Tó sọ fún alábúrẹ́dì nígbà tó wá ra búrẹ́dì. "Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó ẹ ló ń bá a jà. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó jókòó sí i lápá."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ohun tí ẹnu wa méjèèjì ò bá lè sọ fún un, ọsibítù ló máa sọ fún un. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ràn."

Mo búra fún yín, ó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tó wà nítòsí, àga onípákó tí àwọn olùwòran jókòó lé wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́run ṣeun, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bó, ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ so kókó, gbogbo wọn pátá ló dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tọmọ tìyá, tàwọn tí kò sí nǹkan tó ṣe ṣùgbọ́n tí wọ́n tẹ̀ lé èrò wá wòran. Gbọ̀ngàn ìtọ́jú pàjáwìrì kún débi pé bí èèyàn bá fẹ́ sín, ó ní láti tọrọ àyè.

Yàgò gbá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mú. Ó ń wá ẹni tó burú jù. Ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, ó dorí kọ ọ́. "Ẹ yàgò!" Kò sẹ́ni tó yà. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́. Wọn ò ríbi yà sí. Ó tún kígbe. Bẹ́ẹ̀dì náà há sáàárín èrò bí egungun ẹja tó há sọ́fun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ Yàgò kò ṣiṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, gun orí àga. Mátírọ́ọ̀nù kì í pariwo. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ó bá ń bínú, ohùn rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ sí i ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó pariwo.

"Gbogbo ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún! Ní báyìí!"

Èrò mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkùnrin tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa yẹn ló kọ́kọ́ dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì yan lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọ̀gá ológun. Kí ẹ tó pajú pẹ́, gbọ̀ngàn ti ṣí. Ilẹ̀ hàn. Ibẹ̀ ni Yàgò ti rí ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, kò pariwo, ó kàn di etí aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni ò rí i tẹ́lẹ̀. Yàgò gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà sì là gbalaja níwájú wọn. Nọ́ọ̀sì méjì péré ni wọ́n fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn: fi oògùn kan èyí, di báńdéèjì fún tọ̀hún, ó dàbọ̀, máa lọ sílé. Wọ́n parí àwọn yẹn bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Yàgò lọ bá Mátírọ́ọ̀nù níbi tó ti ń fọwọ́.

"Mà, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó burú jù la ń kọ́kọ́ gbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ọwọ́ wa bá ká a."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí, èèyàn pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Ọjọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ tú àwọn tó lè rìn kúrò nílẹ̀, kí o lè rí ẹni tó nílò rẹ. Tí o bá lọ dúró ti ẹnì kan láàárín èrò, o ò ní lè gba òun là, o ò sì ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ṣé o rò pé mi ò láàánú ni?"

Lójijì Yàgò bú sẹ́rìn-ín, ó gbá Mátírọ́ọ̀nù mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ olómi, ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò rí nínú ọsibítù náà, ó sì sáré jáde.

Ẹnu ọ̀nà ilé ló ti ń pariwo. "Ọkọ mi! Fi búrẹ́dì sínú ààrò!"

"Búrẹ́dì ti tán lónìí."

"Fi ohunkóhun sí i!"

Kéèkì kékeré kan ló wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ ará àdúgbò. Ó tì í sínú iná. Yàgò ṣí ìwé ìdánrawò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìwọ lè rìn, bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwọ náà lè rìn, ìwọ, dúró, mò ń padà bọ̀, ìwọ, ariwo lásán lò ń pa, dìde ńlẹ̀. Pẹ́ńsù ń dún ṣìràṣìrà. Ó lu ìwé náà já, ó padà sórí àwọn alámì, ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé orí sókè, gbogbo rẹ̀ ti kún, kéèkì sì ṣì rọ̀ láàárín.

Alábúrẹ́dì wo ìwé, ó wo kéèkì, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló yí ọ lórí padà?"

"Kò sẹ́ni tó yí mi lórí padà. Ọjọ́ ni mo ṣì mú. Mo rò pé ọjọ́ lásán ni ọjọ́ ìdánwò. Àṣé ọjọ́ tí àga wó ni."

Ó wá ku ìdánwò gan-an.

Gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì ga, fèrèsé rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àfi ẹyẹ ló lè fi wòta. Tábìlì Yàgò ń mì jẹ̀jẹ̀. Ó ká bébà, ó fi há ẹsẹ̀ tábìlì náà kan, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn ló le jù. Irunmú orí ètè rẹ̀ nípọn bí búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń nu bàtà, bí inú bá ń bí i, irunmú náà á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá tó ń tò sójú ìlà. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Yàgò ṣí ìwé. Ọlọ́run mà ń dán èèyàn wò o: ìbéèrè tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti aláìsàn kan. Wọ́n ní omi oògùn tó ń kán sí i lára láti inú ìgò yóò tó wákàtí mélòó kó tó tán, bí ìgò bá tóbi tó báyìí, bí ó bá ń yára kán tó báyìí, bí nọ́ọ̀sì bá sì dín in kù ní agbede méjì. Aláìsàn! Ọwọ́ Yàgò ti lọ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó ń pín, ó ń sọ di púpọ̀, ó ń paarẹ́, ó tún ń pín. Nígbà tó gbọ́ ìró bébà, ó gbé ojú sókè. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ṣí ojú ewé kejì.

Ó rí i pé òun ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọ àárín èrò. Ó na ẹ̀yìn gbọọrọ lórí àga, kò sì mọ ìgbà tí ohùn iṣẹ́ rẹ̀ jáde:

"Gbogbo ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún!"

Ohùn tó ń lé dókítà lọ́nà kì í ṣe ohun àmúṣeré. Gbọ̀ngàn dún. Ọmọkùnrin kan níwájú tilẹ̀ dìde, ó kó pẹ́ńsù rẹ̀, ó ń wá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alábòójútó ti dé orí Yàgò, irunmú rẹ̀ ti tò tán.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ìbéèrè, sà."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gbẹ́ni náà kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ìbéèrè. Kí lo ní kí wọ́n ṣe?"

"Mo ní kí àwọn tó rọrùn máa bọ́ sápá kan, sà."

"Irọ́! Àmì nìyẹn! Ta lò ń fi àmì ránṣẹ́ sí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, ìdáhùn wo lò ń pè bẹ́ẹ̀?" Ó ti gbé ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Dìde. O ti parí tìrẹ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni. Bí ìwé náà bá lọ, ó lọ láéláé nìyẹn, ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò ní ṣí fún un mọ́ títí ayé. Ẹlòmíràn á dojú bolẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀, á sọkún. Yàgò dìde dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́, bí ó ṣe máa ń wo ẹbí aláìsàn tó bá ń dí ọ̀nà.

"Sà, iṣẹ́ ẹ̀ka pàjáwìrì ni mò ń ṣe, ẹnu mi ló ṣáájú mi. Ẹ gbé mi lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́ mi. Ẹ gbé mi lọ sí ìdí tábìlì yín gan-an, kí ẹ máa wo ẹnu mi. Tí aago bá lù, ẹ bi mí ní gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ìwé mi wé ti gbogbo èèyàn tó wà níbí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, sà, aláìsàn pọ̀ nílẹ̀."

Kò yé ọkùnrin náà. Kò lè yé e. Ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin yìí, kò rí olè níbẹ̀. Ó rí ẹni tó ń kánjú. Ó yà. Ó gbé ìwé náà lọ sórí tábìlì tirẹ̀, ó fa àga, ó ní, "Jókòó síbí. Tí n bá tún gbọ́ ohùn rẹ, màá fà á ya."

Yàgò jókòó. Díẹ̀ ti lọ nínú àkókò rẹ̀, kò sì bínú sí i. Ó ti rí ọjọ́ tó burú jùyẹn. Ó ń lo ojú, ó di ẹnu pọ̀. Àwọn tó lè rìn, ó tú wọn ká. Èyí tó ní àyọkà, ó kọ́kọ́ ka ìbéèrè rẹ̀, ó sì lọ mú ìdáhùn níbi tó sá pamọ́ sí. Bó ṣe ń fo èyí tó le, ó ń wo nọ́ńbà ìbéèrè, á tún wo nọ́ńbà lórí ìwé ìdáhùn kó tó kùn ún, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ka orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó tì í lọ síbikíbi. Èyí gbà á là lọ́jọ́ náà, nítorí níbì kan, pẹ́ńsù rẹ̀ ti fẹ́ sọ̀ sórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyípo kejì, ó bá àwọn alámì. Wọn ò le tó bí wọ́n ṣe ń kérora. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹni tí omi ń kán sí lára. Ó wo aago: kò sí àyè láti ṣe é délẹ̀. Ó wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí àkọ́kọ́ á mú kí omi tán kí nọ́ọ̀sì tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó lé e dànù. Èyí ìkẹyìn á mú kí aláìsàn náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lé ìyẹn náà. Nínú méjì tó kù, ó mú ọ̀kan, ó kùn ún, ó sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Yàgò gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò, alábòójútó fi ìwé rẹ̀ wé ti àwọn tó ti jókòó yí i ká tẹ́lẹ̀. Kò sí méjì tó jọra. Ó ní kó máa lọ. Kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Nílé, kò jẹun kó tó gbé ìbéèrè omi kíkán náà kalẹ̀, ó ṣe é sára àpò ìyẹ̀fun, nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń ka àkókò lé e lórí. Ó yanjú rẹ̀ délẹ̀. Ó ti mú èyí tí kì í ṣe ìdáhùn.

"Mo pàdánù ẹnì kan," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mélòó lo gbà là?"

Ó ronú. "Ọ̀pọ̀."

"Wá jẹun, jàre."

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Alábúrẹ́dì ló lọ wò ó, torí Yàgò wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ìka oníyẹ̀fun rẹ̀ tọ àwọn nọ́ńbà náà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó fi ìlà funfun sára bébà gbogbo ayé. Ti Yàgò kò sí lókè pátápátá. Kò sì sí nísàlẹ̀. Ó wà láàárín àwọn tó wọlé, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí onílé. Ọkọ rẹ̀ sáré wọ ọsibítù, ìyẹ̀fun ń gbọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ti ọkùnrin kan tó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ mú.

"O wọlé! Ìyàwó mi, o wọlé!"

"Mo gbọ́," ni Yàgò wí, omi ti lé ròrò sí i lójú, kò sì dúró. "Kúrò lọ́nà ná, ọkọ mi. Ẹni yìí ò lè rìn."

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kọ́kọ́ yà sí ọsibítù láti fa bẹ́ẹ̀dì lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Ó fi hàn án pé táyà iwájú kan máa ń fà sápá òsì, kó máa fi ìbàdí tì í padà, kó sì má gba ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀. Ó wá wọ aṣọ funfun tó ṣì le gbagidi, ó sì rìn lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun kan péré ni mo fi kún un, mo sì máa sọ ọ́ kí ẹ tó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn: alábòójútó yẹn kò ní irunmú kankan. Ètè rẹ̀ dán bí àwo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó fúnra yín, ta ló máa bẹ̀rù ọkùnrin tí ètè rẹ̀ dán?